Kí Ni Wọ́n Ń Ṣe Nínú Google Gan-an?

 

Tí ẹ bá bi ọmọ mẹ́wàá ní SS2 pé iṣẹ́ wo ni wọ́n fẹ́ ṣe lọ́jọ́ iwájú, ẹ ò ní ṣàì rí mẹ́rin tàbí márùn-ún tó máa sọ pé "tech". Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ tún bi wọ́n pé kí ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń ṣe láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹ ó gbọ́ ìdáhùn tó dà bí ẹni pé ilé ìnáwó ni wọ́n ń lọ: oúnjẹ ọ̀fẹ́, àga tó ń yí, owó dọ́là. Fídíò tí gbogbo wa ń wò lórí fóònù ló fà á. Àwọn tó ń ya fídíò yẹn kì í gbé kámẹ́rà síbi tí iṣẹ́ wà, torí iṣẹ́ ọ̀hún ò dùn ún wò. Ẹnìkan jókòó, ó ń ka nǹkan lójú kọ̀ǹpútà, ó kọ díẹ̀, ó tún padà sẹ́nu kíkà. Ohun tí ẹni yẹn ń kà, àti ohun tó ń kọ, ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo mú, ìyẹn Google, nítorí àwọn ẹnjiníà ibẹ̀ fúnra wọn ti kọ ọ̀pọ̀ ìwé jáde nípa bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe àhesọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti oúnjẹ, kí ọkàn yín lè balẹ̀.

Òótọ́ ni. Larry Page àti Sergey Brin, tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Stanford, dá Google sílẹ̀ lọ́dún 1998. Gáréèjì ilé Susan Wojcicki ní Menlo Park, ní California, ni ọ́fíìsì wọn nígbà yẹn. Lọ́dún 1999 wọ́n gba alásè kan tó ń jẹ́ Charlie Ayers. Láti ìgbà náà ni òṣìṣẹ́ olú ilé iṣẹ́ wọn ní Mountain View kì í ti í sanwó oúnjẹ. Bọ́ọ̀sì tó ní íntánẹ́ẹ̀tì tún ń gbé àwọn tó ń gbé ní San Francisco lọ síbi iṣẹ́. Àmọ́ ẹ rò ó wò ná. Ẹni tí kò jáde lọ wá oúnjẹ ọ̀sán, inú ọ́fíìsì ló wà ní wákàtí yẹn. Ẹni tó ní íntánẹ́ẹ̀tì nínú bọ́ọ̀sì, iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dé ẹnu géètì. Mi ò sọ pé ó burú o. Mo kàn ń sọ pé ẹni tó gbé oúnjẹ kalẹ̀ mọ ohun tó ń gbà padà.

Ó yá, ká wá dé ibi iṣẹ́.

OJÚ ẸLÒMÍRÀN GBỌ́DỌ̀ RÍ I

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ẹnjiníà sọ́fítíwíà máa ń jókòó lóun nìkan, á sì kọ gbogbo ètò kọ̀ǹpútà láti orí dé ìsàlẹ̀ bíi ti sinimá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù January ọdún 2015, kóòdù tí Google kó sí ojú kan ṣoṣo ti tó bílíọ̀nù 2 ìlà, ẹnjiníà tó lé ní 25,000 ló sì ń fọwọ́ kàn án. Kí ẹ lè mọ bó ṣe pọ̀ tó: ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ wa olójú-ewé 80, kí ojú ewé kọ̀ọ̀kan gba ìlà 25. Ìwé kan á gba ìlà 2,000. Ẹ máa nílò mílíọ̀nù kan irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó kọ ọ́ tán. Ta ló fẹ́ mọ gbogbo rẹ̀ sórí? Kò sí.

Nítorí náà, kíkà ni iṣẹ́ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀. Á ka ohun tí àwọn mìíràn ti kọ, àwọn kan nínú wọn ti kúrò níbẹ̀ pàápàá, kó tó lè mọ ibi tí òun máa fọwọ́ kàn. Tó bá wá fẹ́ ṣe àtúnṣe, àtúnṣe kékeré ni. Àwọn kan láti inú Google ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2018. Wọ́n rí i pé ìdajì àwọn àtúnṣe tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò ju ìlà 24 lọ. Ó sì lé ní ìdá kan nínú mẹ́wàá tó jẹ́ pé ìlà kan péré ni wọ́n yí padà.

Ìlà 24 yẹn kò ní wọlé bẹ́ẹ̀ o. Ẹni tó kọ ọ́ gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ mìíràn kó yẹ̀ ẹ́ wò. Onítọ̀hún á kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan, á sì máa kọ ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ló dé tí o fi sọ nǹkan yìí ní orúkọ yìí? Tí ẹni tó ń lò ó bá tẹ òfo ńkọ́? Níbo ni ìdánwò tó fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ wà? Ẹni tó kọ ọ́ á dáhùn ìkọ̀ọ̀kan, á tún un ṣe, á tún fi ránṣẹ́. Ìgbà tí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bá tó sọ pé ó dára ni kóòdù náà máa wọlé. Ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀ ò bọ́ nínú ẹ̀. Kódà, bí ohun tó kọ bá ṣiṣẹ́ dáadáa, tí kò bá tẹ̀ lé ìlànà ìkọ̀wé ilé iṣẹ́ wọn, wọ́n á ní kó lọ tún un kọ, kí ẹlòmíràn lè kà á lọ́dún mẹ́ta sígbà náà. Àwọn Yorùbá ní ẹnìkan ló ń bímọ, igba ènìyàn ló ń bá a tọ́ ọ. Ó dà bíi pé wọ́n ń sọ nípa kóòdù.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ràn nínú ìwádìí yẹn. Ìdajì àwọn iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò ló máa ń parí kí wákàtí mẹ́rin tó pé. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ ẹnìkejì rẹ wà lára iṣẹ́ tìrẹ. Ọwọ́ rẹ lè dí lóòótọ́, ṣùgbọ́n o ò lè jẹ́ kó dúró títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ṣé wàhálà yìí ò ti pọ̀ jù fún ìlà 24? Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 31 oṣù January, ọdún 2009, lọ́jọ́ Sátidé. Google ní àkójọ àdírẹ́sì àwọn ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tó lè ba kọ̀ǹpútà jẹ́. Tí o bá wá nǹkan, tí ọ̀kan nínú wọn bá jáde, Google á kìlọ̀ fún ọ. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnìkan ń fi àdírẹ́sì tuntun kún àkójọ náà, ó sì ṣèèṣì fi àmì / nìkan síbẹ̀ bí ẹni pé àdírẹ́sì kan ni. Ẹ wo àdírẹ́sì ojúlé yòówù tí ẹ bá mọ̀. Ṣé ẹ rí àmì yẹn nínú ẹ̀? Gbogbo wọn ló ní in. Bí gbogbo ojúlé tó wà láyé ṣe di eléwu nìyẹn! Láti aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ní California (aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán lọ́dọ̀ wa níbí) títí di bíi wákàtí kan lẹ́yìn náà, ohunkóhun tí ènìyàn bá wá lórí Google, ìkìlọ̀ ló ń rí. Google fúnra rẹ̀ jáde pé àṣìṣe ọmọ ènìyàn ni. Àmì kan péré, tí kò tó ẹsẹ̀ ẹ̀fọn.

Ẹni tó bá ń bínú pé olùkọ́ Yorùbá gé máàkì òun nítorí àmì ohùn, kó jọ̀ọ́ kó ka ìpínrọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kejì.

TÍ NǸKAN BÁ BÀJẸ́ LÓRU

Kò sí bí wọ́n ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò tó tí nǹkan ò ní bàjẹ́ rárá. Nítorí ẹ̀ ni àwọn ẹnjiníà kan fi máa ń wà lójú ìṣọ́. Wọ́n ń gbà á fún ara wọn, bíi ti àwọn nọ́ọ̀sì. Ẹni tí ó bá kàn máa gbé ẹ̀rọ ìpè sọ́dọ̀, tó bá sì dún, ì báà jẹ́ aago méjì òru, ó gbọ́dọ̀ dáhùn. Fún àwọn iṣẹ́ tí gbogbo ayé ń lò, ìṣẹ́jú 5 ni wọ́n sábà máa ń fún un. Ilé iṣẹ́ ń sanwó fún àsìkò yẹn tàbí kó fún wọn ní ìsinmi dípò rẹ̀. Níbi tó bá ti ṣeé ṣe, wọ́n á pín ìṣọ́ náà pẹ̀lú àwọn tó wà ní apá ibòmíràn láyé, kó lè jẹ́ pé ọ̀sán àwọn yẹn ni òru àwọn tibí.

Ní ọjọ́ 14 oṣù December, ọdún 2020, Gmail, YouTube àtàwọn yòókù dákú káàkiri ayé fún bí ìṣẹ́jú 45. Ohun tó fà á rèé: ètò kan wà tó ń dá àwọn tó fẹ́ wọlé mọ̀, ètò mìíràn sì wà tó ń pín ààyè ìpamọ́ fún un láìsí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀. Ètò apínyà yìí ṣi ìṣirò ṣe, ó rò pé ètò àkọ́kọ́ ò lo ààyè kankan, ló bá gé ààyè rẹ̀ kù. Bí ilẹ̀kùn ṣe tì mọ́ gbogbo ènìyàn nìyẹn. Fóònù rẹ dára, íntánẹ́ẹ̀tì rẹ dára, ṣùgbọ́n Google ò mọ̀ ọ́ mọ́.

Lẹ́yìn irú ìjàm̀bá bẹ́ẹ̀, wọ́n á jókòó kọ ìwé lé e lórí. Kí ló ṣẹlẹ̀, ní ìṣẹ́jú wo, kí ló mú kó burú sí i, kí ni wọ́n máa yí padà kó má tún ṣẹlẹ̀. Òfin kan wà fún ìwé náà: wọn kì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú ẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ kò jẹ mọ́ àánú. Wọ́n mọ̀ pé tí wọ́n bá fìyà jẹ ẹni tó sọ òótọ́, ẹni tó kàn á fi tirẹ̀ pa mọ́, èyí tí wọ́n bá sì fi pa mọ́ ni kò ní ṣeé tún ṣe. Wọ́n á wá bèèrè pé kí ló dé tí ètò wa fi gba ẹnìkan láàyè láti tẹ àmì kan kí gbogbo nǹkan sì dàrú? Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n tí ìgò bá fọ́ ní yàrá sáyẹ́ǹsì, "Ta ló fọ́ ọ?" ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tí gbogbo wa mọ̀, ìdí nìyẹn tí ìgò fi ń fọ́ tí ẹnikẹ́ni ò sì mọ bó ṣe fọ́.

Àwọn tó bá ń sọ pé "ọmọ sáyẹ́ǹsì ni mí, kí ni mo fẹ́ fi àròkọ ṣe?" ẹ gbọ́ o. Ìwé ìjàm̀bá yẹn, àròkọ ni. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kankan, ẹnìkan á kọ́kọ́ kọ ìwé tó ṣàlàyé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ì bá gbà, àti ìdí tí wọn ò fi gba ibẹ̀. Àròkọ náà nìyẹn. Àwọn tó kù á kà á, wọ́n á sì fi ìbéèrè yẹ ẹ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹni tí kò lè ṣàlàyé èrò rẹ̀ lórí ìwé, kóòdù rẹ̀ ò ní dé ibi kankan.

Ti máàkì náà yàtọ̀ sí tiwa. John Doerr, tó fi owó sínú Google, ló mú ọ̀nà kan wá láti Intel lọ́dún 1999. Wọ́n á kọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe láàárín oṣù mẹ́ta, wọ́n á sì fún ara wọn ní máàkì láti 0 dé 1. Tí ó bá jẹ́ 0.7, ó ti dára. Ẹni tó bá ń gba 1 nígbà gbogbo, wọ́n á sọ fún un pé ohun tó dáwọ́ lé ti kéré jù. Ẹ má lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn òbí yín ṣá.

KÌ Í ṢE ONÍKÓÒDÙ NÌKAN

Ní oṣù December ọdún 2013 ni Google fi èdè Yorùbá kún àwọn èdè tó ń túmọ̀, pẹ̀lú Ìgbò àti Hausa. Gbogbo wa la ti fi í rẹ́rìn-ín rí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kí kọ̀ǹpútà tó lè sọ̀rọ̀ bíi tiwa, ẹnìkan tó gbọ́ èdè gbọ́dọ̀ jókòó tì í. Kọ́lá Túbọ̀sún, onímọ̀ èdè Yorùbá àti òǹkọ̀wé, ti ṣiṣẹ́ fún Google ní Èkó gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ èdè. Ó wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí ohùn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bíi ti ọmọ Nàìjíríà, èyí tó bọ́ sórí Google Maps lọ́dún 2019. Èdè ni ọkùnrin yìí kọ́, òun ló sì gbé e débẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì Art tí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín, ó kàn yín.

KÁÀDÌ FUNFUN, KÁÀDÌ PUPA

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á, torí kì í sí nínú fídíò.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń wọlé sí Google lójoojúmọ́ ni òṣìṣẹ́ Google. Àwọn òṣìṣẹ́ gidi ń lo káàdì funfun. Àwọn tí ilé iṣẹ́ mìíràn gbà síṣẹ́ tí wọ́n wá ń ṣiṣẹ́ fún Google, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì, ń lo káàdì pupa. Àwọn kan nínú wọn ń se oúnjẹ ọ̀fẹ́ yẹn, àwọn kan ń wa bọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń kọ kóòdù, wọ́n ń dán ètò wò, ẹ̀gbẹ́ oníkáàdì funfun ni wọ́n sì jókòó sí. Ìwé ìròyìn New York Times kọ ọ́ lọ́dún 2019 pé ní oṣù March ọdún yẹn, oníkáàdì pupa tó bí 121,000, nígbà tí òṣìṣẹ́ gidi jẹ́ bí 102,000. Ẹ rí i pé àwọn tí kì í ṣe ọmọ ilé ló pọ̀ jù nínú ilé. Oníkáàdì funfun ń gba owó oṣù, ó tún ń gba ìpín nínú ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ìpín yẹn sì lè sọ ènìyàn di olówó. Oníkáàdì pupa ò ní ìpín yẹn, ìpàdé kan sì wà tí kò lè wọ̀.

Kì í ṣe Google nìkan ló ń ṣe é, kò sì jìnnà sí wa. Ní Nairobi, olú ìlú Kenya, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Sama gba àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà láti máa wo àwòrán àti fídíò búburú tí àwọn ènìyàn ń gbé sórí Facebook, kí wọ́n lè yọ ọ́ kúrò. Ìwé ìròyìn Time kọ ọ́ lọ́dún 2022 pé àwọn kan nínú wọn ń gba nǹkan bíi dọ́là 1.50 fún wákàtí kan. Ohun tí wọ́n ń wò ò ṣeé sọ níbí. Daniel Motaung, ọmọ South Africa tó ti ṣe iṣẹ́ náà, gbé Sama àti àwọn tó ni Facebook lọ sí kóòtù ní Kenya lọ́dún yẹn kan náà. Tí ẹnìkan bá sọ fún ọ lọ́la pé òun ti rí iṣẹ́ fún ọ "ní ilé iṣẹ́ tech ńlá", ohun tí màá kọ́kọ́ bèèrè tó bá jẹ́ èmi ni pé, orúkọ ta ló wà lórí ìwé ìgbanisíṣẹ́ náà?

Káàdì funfun náà ní ibi tó mọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù November ọdún 2018, òṣìṣẹ́ Google bí 20,000 jáde kúrò ní ọ́fíìsì káàkiri ayé, wọ́n dúró síta. Wọ́n ti gbọ́ pé ilé iṣẹ́ náà fún ọ̀gá kan ní mílíọ̀nù 90 dọ́là nígbà tó ń lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀sùn ìwà àìtọ́ sí obìnrin ló gbé e kúrò. Ọ̀gá náà ní irọ́ ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Google yí òfin kan padà: òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá fi irú ìwà bẹ́ẹ̀ dà láàmú lè lọ sí kóòtù wàyí, dípò kí wọ́n fi tipátipá parí ọ̀rọ̀ nínú ilé.

Ní ọjọ́ 20 oṣù January ọdún 2023, Sundar Pichai tó jẹ́ ọ̀gá àgbà kọ lẹ́tà pé àwọn máa dín òṣìṣẹ́ 12,000 kù. Ní Amẹ́ríkà, íméèlì ni ọ̀pọ̀ wọn fi mọ̀. Àwọn kan jí láàárọ̀, kọ̀ǹpútà iṣẹ́ ò gbà wọ́n wọlé mọ́. Àwọn tó ti lo ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ wà nínú wọn. Wọ́n fún àwọn ti Amẹ́ríkà ní ó kéré tán owó ọ̀sẹ̀ 16, ká má parọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá ọ yẹ kóòdù wò lánàá, o ò lè kí i pé ó dàbọ̀.

BÍ WỌ́N ṢE Ń WỌLÉ

Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń bi ènìyàn ní àlọ́, bíi pé bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù mélòó ló máa kún inú ọkọ̀ òfuurufú. Lọ́dún 2013, Laszlo Bock, tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka àwọn òṣìṣẹ́ nígbà náà, sọ fún New York Times pé àkókò ni wọ́n fi ń ṣòfò, kò sọ ẹni tó máa mọ iṣẹ́. Ó ní máàkì yunifásítì náà ò sọ ohun púpọ̀, àyàfi fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ohun tí ó ṣe kókó nígbà náà ni pé wọ́n máa ń mú ọ lọ sí iwájú pátákó funfun, wọ́n á fún ọ ní máàkà, wọ́n á ní kí o yanjú ìṣòro kan. Kì í sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀ nígbà yẹn. O gbọ́dọ̀ máa sọ ohun tí ò ń rò sókè bí o ṣe ń kọ ọ́. Tí o bá fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ẹni tó ń bi ọ́ lè yí ìbéèrè náà padà, kó lè rí bí o ṣe máa ṣe.

Kọ̀ǹpútà ilé ìwé wa ò kárí gbogbo wa, iná náà ò sì dúró. Pátákó wà ní gbogbo kíláàsì. Ẹgbẹ́ oníròyìn ti bẹ olùkọ́ kọ̀ǹpútà wa pé kó fún wa ní ìṣẹ́jú 40 ní gbogbo Ọjọ́rú lẹ́yìn aago ìparí. Ẹnìkan á kọ ojútùú sójú pátákó, á máa sọ̀rọ̀ sókè. Ẹnìkejì á yẹ̀ ẹ́ wò ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kò sì gbọdọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí: a fún ọ ní orúkọ ọmọ 40 tó wà nínú rẹ́jísítà, orúkọ kan wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Báwo ni o ṣe máa rí i láìfi orúkọ kọ̀ọ̀kan wé gbogbo àwọn tó kù? Ẹni tó bá fẹ́ kópa, Science, Art tàbí Commercial, kó kọ orúkọ àti kíláàsì rẹ̀ sínú àlàfo tó wà nísàlẹ̀ ìwé yìí.